Ọwọ́ Tó Gún Radhamés Lábẹ́rẹ́

"Màmá Zunilda, ṣé ẹ ti gún un tán ni? Mi ò mọ nǹkan kan lára."

Nereida dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó káṣọ sókè, ó ń dúró de abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn dídùn. Màmá Zunilda ò tíì gún nǹkan kan. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ náà ti dúró lófuurufú. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń gún gbogbo àdúgbò lábẹ́rẹ́, látorí ọmọ ìkókó dórí arúgbó, ọwọ́ yẹn ò sì dúró bẹ́ẹ̀ rí.

"Tún ohun tó o sọ yẹn sọ."

"Pé wọ́n gbé Radhamés Cedano lọ sí ọsibítù? Àárọ̀ yìí náà ni. Wọ́n ní ó ń jẹun lọ́wọ́, ló bá ṣubú lulẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ni wọ́n ní ó ń yọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n máa la àyà rẹ̀ ní agogo méjì. Ẹ gbọ́, kò ní lọ kú mọ́ wa lọ́wọ́ kí wọ́n tó dìbò fún un tán ní Amẹ́ríkà? Ẹ tètè gún mi jàre, kí n má baà máa sunkún ní ìhòhò."

Màmá Zunilda dé abẹ́rẹ́ náà lórí padà. "Dìde. Lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé búrẹ́dì. Ara mi ò yá."

"Háà! Àṣé ẹ fẹ́ràn ẹ̀ tó báyìí?"

Màmá Zunilda ti ń wá bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kiri.

Èèyàn mẹ́ta péré ló mọ ohun tó wà nínú ìgò kékeré tí Radhamés máa ń mú bọ̀ láti Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n bá ti parí eré bésíbọ́ọ̀lù ọdún, bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa ń fi igi gbá: Radhamés fúnra rẹ̀, Yocasta ìyàwó rẹ̀, àti Màmá Zunilda. Lọ́dún àkọ́kọ́, Radhamés sọ fún Màmá Zunilda pé fítámì ni. Ta ni kì í gba abẹ́rẹ́ fítámì ní ìlú wọn, San Pedro de Macorís, bó bá ti rẹ̀ ẹ́? Màmá Zunilda gún un, kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí Kérésìmesì tó tẹ̀ lé e fi máa dé, ọrùn Radhamés ti ki bíi ti akọ màlúù, bọ́ọ̀lù sì ti ń fò lórí igi rẹ̀ kọjá ògiri pápá lójoojúmọ́. Màmá Zunilda rí i, ó mọ ohun tó rí, ó sì tún gún un.

Nígbà tí Radhamés fi bésíbọ́ọ̀lù sílẹ̀, ara rẹ̀ kọ̀, kò lè dìde nílẹ̀ mọ́ láìsí oògùn náà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí náà, ó gún un.

Ọdún kẹwàá rèé tí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà ti ń dìbò lórí bóyá kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ sínú Ilé Àwọn Akọni, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó mọ bésíbọ́ọ̀lù gbá jù lọ sí. Ìgbà ìkẹyìn sì nìyí. Ìbò ẹ̀ ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, gbogbo èèyàn ló sì ń sọ pé tọdún yìí á tó. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí wọ́n ti ìbò náà ní òpin ọdún. Radhamés ti gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ dání níwájú àwọn oníròyìn, ó búra pé òun ò lo oògùn agbára rí, pé ọbẹ̀ ìyá òun nìkan ló fún òun lágbára.

Màmá Zunilda gun ọ̀kadà Chago.

"Ẹ dì mí mú dáadáa o, kí wọ́n má lọ sọ pé èmi ni mo pa yín," ni Chago wí. "Ọ̀dọ̀ Radhamés lẹ ń lọ, àbí? Ìlú ti dàrú. Gbogbo èyí, àwọn òyìnbó yẹn ló fi ìrònú pa á! Wọ́n ní ó lo oògùn. Ta ni ò lò ó nígbà yẹn? Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí i gan-an lò ó!"

"Wọ̀nà, Chago."

"Mò ń wọ̀nà. Bí kò bá lò ó, a jẹ́ pé ó dáa ju gbogbo wọn lọ. Bó bá sì lò ó, kò ṣáà burú jù wọ́n lọ. Tiwa ni, ó parí." Ó yẹra fún kòtò kan. "Àmọ́ Pelagio tó ń ta ẹja yẹn nìkan ló máa ń ṣe mí láàánú. Ẹ rántí ẹ̀? Ó mọ bọ́ọ̀lù gbá, àfi kẹ́ ẹ rí i! Kò gba abẹ́rẹ́ kankan, wọ́n dá a padà wálé láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún kan. Ta ló máa dìbò fún ìyẹn?"

Màmá Zunilda rántí ẹ̀ dáadáa. Pelagio ò wá sílé òun rí.

Yocasta ló kọ́kọ́ rí i ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù. Ó sáré wá, ó gbá a lọ́wọ́ mú, ó fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Mo ní fítámì ló ń gbà."

"Yocasta!"

"Ẹ rọra! Bí èèyàn bá sín nínú ọsibítù yìí, rédíò á ti sọ ọ́ kó tó nu imú. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló kù, Màmá. Ó ti fi ọdún mẹ́wàá dúró de nǹkan yìí."

"Kí ni dókítà wí?"

"Ó ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ki jù, òun ò sì mọ ohun tó fà á."

"Èmi mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Yocasta wò ó lójú. Ojú tiẹ̀ ti wú fún ẹkún, àmọ́ ohùn rẹ̀ le. "Ẹ mọ ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ láìníwèé àṣẹ? Ẹ̀wọ̀n ni. Lọ́jọ́ orí yín yìí. Ìlú á sì ti dáná sun ilé yín kí ọlọ́pàá tó débẹ̀. Ẹ máa lọ sílé, Màmá. Mo bẹ̀ yín."

Màmá Zunilda ronú àtipadà, ká má parọ́. Ó tiẹ̀ ti yíjú sí ẹnu ọ̀nà kó tó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, tó sì tilẹ̀kùn yàrá wọlé.

Bẹ́ẹ̀dì náà kéré fún Radhamés, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú.

"Màmá abẹ́rẹ́," ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Òní kì í ṣe Ọjọ́bọ̀."

"Sinmẹ̀dọ̀."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

"Kì í ṣe ti ikú nìkan." Ó ń mí gúlegúle. "Látàárọ̀ ni mo ti ń rántí àwọn bọ́ọ̀lù tí mo gbá kọjá ògiri. Irínwó ó lé méjìdínlógójì. Mi ò mọ èwo nínú wọn ló jẹ́ tèmi. Ẹ̀yin lẹ gún mi. Ẹ sọ fún mi."

Ó wu Màmá Zunilda kó sọ ọ̀rọ̀ dídùn fún un. Àmọ́ irọ́ ti tó láàárín àwọn méjèèjì.

"Mo mọ̀ pé o ti ń fi igi ìgbálẹ̀ gbá ìdérí ike omi kọjá òrùlé mi kí n tó fọwọ́ kàn ọ́. Ìyẹn, tìrẹ ni. Ti àwọn tó kù, mi ò mọ̀, Radhamés. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́."

Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ó bá a nù ún.

"Sọ fún dókítà."

"Ẹ jẹ́ kó di ọdún tuntun. Kí wọ́n ti ìbò yẹn ná."

"O ò ní débẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà Peralta wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Yocasta tẹ̀ lé e.

"Ó ku ogún ìṣẹ́jú," ni dókítà wí. "Mo tún fẹ́ bi yín. Ẹ̀jẹ̀ tó ki báyìí ò yé mi rárá. Ṣé kò lo nǹkan kan?"

"Mo ti sọ fún yín," ni Yocasta dáhùn. "Fítámì."

Màmá Zunilda bọ́ síwájú dókítà.

"Kì í ṣe fítámì."

"Ta ni yín, Màmá?"

"Èmi ni mo ń gún un."

Yocasta fọwọ́ bojú. Radhamés fi ìgbọ̀nwọ́ gbé ara rẹ̀ sókè pẹ̀lú gbogbo agbára tó kù nínú rẹ̀.

"Dókítà, oògùn agbára ni, ti àwọn eléré bọ́ọ̀lù. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń lò ó. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo pa fún màmá yìí. Mo ní fítámì ni. Wọn ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ títí dòní. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Màmá Zunilda wò ó. Kò sí ẹ̀wọ̀n mọ́, kò sí ẹni tó máa dáná sun ilé. Kó kàn dákẹ́ ni. Láti ìgbà tó ti mọ Radhamés, kò rí i kó ṣe ohun tó dáa tó báyìí rí, kò sì sẹ́ni tó máa dìbò fún un nítorí ẹ̀.

"Ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni mi ò mọ̀, dókítà," ó wí. "Láti ọdún kejì ni mo ti mọ̀. Ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Dókítà yọ bírò rẹ̀. "Ìgbà wo lẹ gún un kẹ́yìn?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

Ó sọ ọ́ fún un. Dókítà kọ ọ́, ó sì yọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀: "Ẹ dá àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ dúró! Oògùn yìí ló mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ki, a ò lè là á báyìí. Ẹ̀jẹ̀ la máa kọ́kọ́ fà lára ẹ̀. Ẹ tètè wá!"

Àwọn nọ́ọ̀sì ya wọlé. Ọ̀kan nínú wọn wo ìwé náà, ó wo Radhamés, ó wo Màmá Zunilda láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì fi kánjúkánjú jáde pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Yocasta jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sunkún.

Màmá Zunilda fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀rù ṣì ń bà á gan-an. Ó jókòó, ó sì di ọwọ́ Radhamés mú kí àwọn nọ́ọ̀sì lè rí iṣan rẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀.