Àrokò Lẹ́tà Mẹ́fà

Olódo ni Chanchala máa ń pè mí, kì í sì í dùn mí, torí òótọ́ ni. Yàrá kan là ń gbé nílé àwọn obìnrin akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Patna, ní Íńdíà, àwa méjèèjì ń múra ìdánwò iṣẹ́ rélùwéè. Ìṣirò kò dẹ́rù bà mí. Àrokò lẹ́tà ló ń fojú mi rí màbo: kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ di rúdurùdu, kí wọ́n ní kí n tú u.

Àràárọ̀ ni Chanchala ń kọ ọ̀kan sórí bébà fún mi, á fi ife tíì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ṣé ìyẹ̀fun sattu ló kún orí ẹ ni? Kà á láti ẹ̀yìn! A di Z, B di Y, C di X. Olódo!"

Lọ́jọ́ Sátidé, Ranvijay ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá mú un lọ sábúlé, ó ní ìyá wọn ń ṣàìsàn. Ara Chanchala kò lélẹ̀, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wá ọkọ tí kò fẹ́ fún un.

"Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkọ ni, màá ránṣẹ́ sí ẹ," ló sọ sí mi létí. "Kó o sáré sọ fún Màmá onílé."

Àbúrò Màmá onílé ni ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè abúlé wọn. Ó ti ṣèlérí pé òun máa dá irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ dúró.

Àárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù mi: YZXSZL. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ara ìyá rẹ̀ ti yá, ó sì rántí ìbéèrè àárọ̀ mi. Mo sún lẹ́tà síwájú, mo sún un sẹ́yìn, kò bọ́ sí i. Mo fèsì pé, "Ìbéèrè yìí ò dáa. Fi òmíràn ránṣẹ́." Kò fi ránṣẹ́. Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, mo bá gbájú mọ́ ìwé mi.

Lọ́jọ́bọ̀, nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, mo kan àrokò kan tí wọ́n ń kà láti ẹ̀yìn. Mo gbà á, inú mi dùn. Ìgbà yẹn ni mo rántí ọ̀rọ̀ orí fóònù mi. Y ni B. Z ni A. X ni C. *Bachao*. Bí ẹni tí odò ń gbé lọ ṣe ń ké nílé wa nìyẹn: ẹ gbà mí! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ti máa yẹ fóònù rẹ̀ wò, báwo ni ì bá ṣe kọ ọ́ sí gbangba?

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúàbí. Tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà kó tó di odidi nínú tèmi. Síbẹ̀ mi ò dìde. Mo dáhùn gbogbo ìbéèrè tó kù kí n tó jáde lọ bá Màmá onílé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Nígbà tí èmi àti Màmá onílé yóò fi dé abúlé wọn láàárọ̀ Fráídè, àtíkè pupa tí ọkọ máa ń fi sórí ìyàwó níbi ìgbéyàwó ti wà láàárín irun Chanchala: ohun tí ọlọ́pàá ì bá dá dúró ti parí, ọkọ̀ ti ń dúró. Àṣà wa ni kí ìyàwó sunkún tó bá ń lọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó ka ẹkún rẹ̀ sí. Ó dì mọ́ mi.

"Ìbéèrè yẹn ò dáa, àbí?"

"Chanchala, jọ̀ọ́."

"Ṣé èyí tí wọ́n ń kà láti ẹ̀yìn jáde nínú ìdánwò?"

"Ó jáde."

"Ṣé o gbà á?"

"Mo gbà á."

"O káre," ló wí. "Olódo mi ti gbọ́n."

Ranvijay sì pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé.