Òkúta Kẹta Inú Ààrò

Bí ọmọ kan bá ń mí bí ẹni tó ń fọn fèrè, gbogbo ilé ni yóò máa bá a mí. Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé Yínúsà ní Ọ̀kà Akoko, lọ́dún tí kẹrosíìnì di ohun tí à ń dárúkọ tí a kò fojú rí, nígbà tí Èkìtì kò tíì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Òndó. Mọ́júbọ́lá ni ọmọ náà. Ọmọ ọdún méje ni, ikọ́ fée ló sì ń bá a jà. Ẹni tó bá mọ Ọ̀kà nígbà náà yóò rántí bí ọyẹ́ ṣe máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpáta láàárọ̀, tí eruku yóò bo páànù, tí ètè gbogbo ènìyàn yóò funfun. Ọyẹ́ yẹn dùn fún ẹlòmíràn. Ní ti Mọ́júbọ́lá, bó bá ti dé ni àyà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Rùkáyàt, ìyá rẹ̀, mọ ìró súfèé yẹn dunjú. Ọdún méjì ṣáájú ló ti gbọ́ ọ láyà Raheem, ẹ̀gbọ́n Mọ́júbọ́lá, tó ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án lóru, títí tó fi dákẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nítorí náà, nígbà tí dókítà kan ní Ìkàrẹ́ gbọ́ àyà ọmọ náà tán, tó wá béèrè ohun tí wọ́n fi ń dáná nílé, ó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ kó tó dáhùn. Ó ní igi ni, nínú ilé ìdáná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá.

Dókítà náà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. "Oògùn tí mo fún un kò lè bá èéfín jà," ló wí. "Bí èéfín ò bá kúrò nínú ilé yín kí ọyẹ́ tó mú gidi, irọ́ ni màá pa bí mo bá ní ọmọ yìí á rí òjò ọdún tó ń bọ̀."

Ọ̀nà wo ni kó gbà? Sítóòfù kẹrosíìnì wọn ti dípẹtà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gáàsì, ti àwọn oníṣẹ́ báńkì ni. Àdúgbò ti fòfin de iná ìta láti ìgbà tí ẹ̀ta-pàrà iná kan ti fò láti ìdí ìkòkò, tó sì jó abà iṣu mẹ́ta nínú ọyẹ́. Bó bá sì ní kí òun gbé ọmọ náà lọ sílé ẹbí, ilé wo ni kò ní èéfín tirẹ̀?

Rùkáyàt kò gba ọ̀nà gáréèjì lọ láti padà sí Ọ̀kà. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó sì wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ìsọ̀ àwọn wẹ́dà tó ń jó irin pọ̀, nítorí ó ti gbọ́ pé wọ́n ń ṣe ààrò onípáìpù níbẹ̀. Oríṣi méjì ló bá. Ọ̀kan jẹ́ ti irin, tí wọ́n gé lára dúróòmù, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà tó ń dán. Èkejì kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Páìpù rẹ̀ nìkan ló dùbúlẹ̀, amọ̀ ni wọ́n máa fi mọ ìyókù fún ènìyàn nínú ilé rẹ̀. Ọwọ́ Rùkáyàt lọ síbi tó ń dán.

Ẹni tó ń ṣe é ni Zacchaeus, ará Arigidi, ọkùnrin ṣígbọnlẹ̀ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó sọ̀rọ̀. Ó wo ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀. "Ìyá ọmọ, ìyẹn máa ń wu gbogbo èèyàn," ló wí. "Ṣùgbọ́n bí irin bá gbóná, ọmọ tó ń wá ibi tí yóò fara tì á fara tì í. Láàárín ọdún méjì iná á ti jẹ ìdí ẹ̀, èéfín á tún padà wọlé. Amọ̀ ni kó o mọ. Bí o bá tọ́jú amọ̀, á gbẹ̀yìn èmi àti ìwọ."

Rùkáyàt mú amọ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, Zacchaeus dé Ọ̀kà pẹ̀lú páìpù tó so mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù rẹ̀. Ìyá Àsàmáù, ìyá Yínúsà ọkọ Rùkáyàt, ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin yìí ti lé ní àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tẹ̀. Ó bi Zacchaeus bóyá àwọn ará Arigidi náà ń dáná nílé wọn tàbí oòrùn ni wọ́n fi ń se ọbẹ̀. Zacchaeus dáhùn pé àwọn ń dáná o, èdè tí àwọn ń bá iná sọ ni kò yé ará Ọ̀kà. Arúgbó náà rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ́ kó wọlé. Nígbà tó wá rí i pé ọkùnrin náà fẹ́ hú òkúta ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nílẹ̀, ẹ̀rín tán. Ó jókòó lé ọ̀kan nínú wọn.

Orí ni ìyá ọkọ rẹ̀ fi ru àwọn òkúta náà wá láti Ugbe nígbà tó wá sílé ọkọ. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé yẹn, orí òkúta náà ni wọ́n ti se ẹ̀kọ àkọ́mu wọn. Yínúsà kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Níkẹyìn, Ìyá Àsàmáù ní òun gbà, bí wọ́n bá lè mọ òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ inú ààrò tuntun náà.

Zacchaeus fi amọ̀ òkìtì ọ̀gán, iyanrìn, ìgbẹ́ màlúù àti koríko gígé po ohun tí yóò fi mọ ọ́n. Rùkáyàt fi ẹsẹ̀ gún un títí ọ̀sán. Òkúta méjì wọ ìpìlẹ̀, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì ẹnu iná. Ẹ̀kẹta, èyí tó ti sán lójú kan, kò ríbi wọ̀. Zacchaeus gbé e sí ẹ̀yìn ilé, ó rọra sọ fún arúgbó náà pé méjì tó, ilé ti dúró. Arúgbó náà kò gbójú kúrò lára ẹ̀kẹta.

Nígbà tó mọ ọ́n tán, ó ki ewé gbígbẹ díẹ̀ sí ẹnu iná, ó ṣáná sí i. Gbogbo wọn jáde lọ wo òrùlé. Èéfín gùn tààrà gba ẹnu páìpù jáde bí okùn funfun, Mọ́júbọ́lá sì pàtẹ́wọ́.

Zacchaeus kìlọ̀ fún wọn kó tó lọ. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni kí wọ́n fi jẹ́ kí amọ̀ náà gbẹ, kí ẹnikẹ́ni má dáná sí i. Bí wọ́n bá kánjú, yóò là. Igi gbígbẹ nìkan ni kí wọ́n máa lò. Kí wọ́n máa kó eérú láràárọ̀. Ihò kan sì wà lẹ́yìn ilé, nídìí páìpù, tó fi ìṣù amọ̀ dí. Kí wọ́n máa ṣí i lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbọn dúdú èéfín jáde, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀fun ààrò náà.

"Èmi ni màá máa ṣe ti ọ̀fun," ni Ìyá Àsàmáù wí. "Ẹ̀yìn ilé lèmi náà máa ń jókòó sí." Inú gbogbo wọn dùn pé arúgbó ti gbà.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà títà, títí owó tí Yínúsà ń rí nínú kéú tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àdúgbò Sosan kò fi gbé e mọ́. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, Rùkáyàt ṣe bísímílà, ó dáná. Èéfín náà gòkè díẹ̀, ó ṣe bí ẹni tó gbàgbé nǹkan, ó sì padà. Ó gba ẹnu iná tú jáde, ó kún ilé ìdáná, ó yọ́ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá. Ó burú ju ti ààrò àtijọ́ lọ.

Yínúsà ní igi ni. Wọ́n lọ wá igi àyìn tó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá, tó ń ró kìn-ìn bí a bá kàn án mọ́ra. Èéfín kò yí padà. Yínúsà ní páìpù ni. Ó gun òrùlé, ó yọjú wo inú rẹ̀ láti òkè, òkùnkùn ló rí. Rùkáyàt ń kó eérú láàárọ̀, ó ń kó o lọ́sàn-án, títí ìdí ààrò fi mọ́ bí àwo. Bó bá fẹ́ dáná, á gbé ọmọ síta. Síta, eruku ọyẹ́ ń dúró dè é. Bó bá gbé e wọlé, èéfín ń dúró dè é. Láàárín méjèèjì ni ọmọ náà ti ń gbẹ lọ.

Rùkáyàt bi Ìyá Àsàmáù léèrè lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ bóyá ọ̀fun ààrò dí.

"Mo ṣí i láàárọ̀ yìí," ni arúgbó náà wí. "Ó mọ́ tónítóní."

Báwo ni ìyàwó ṣe máa lọ tún ohun tí ìyá ọkọ ti wò wò? Bó bá lọ ṣí ihò yẹn lẹ́yìn rẹ̀, ó ti pè é ní òpùrọ́ láì la ẹnu nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn nínú ẹbí. Rùkáyàt kò débẹ̀. Ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkàrẹ́ láti pe Zacchaeus. Wọ́n ní ó ti lọ sí Ọ̀wọ̀, ó ń kan òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó padà dé, súfèé àyà ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ kó tó rí ilé.

Ọ̀sán Àlàmísì ló ṣẹlẹ̀. Yínúsà wà ní Sosan. Rùkáyàt dá iná kékeré láti fi ṣe ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ náà, nítorí kò lè gbé ohun tútù mì mọ́. Èéfín tú jáde. Ó sáré wọ yàrá, ó bá Mọ́júbọ́lá ní ìjókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ẹní, èjìká rẹ̀ ń gòkè ó ń sọ̀, ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Bí Raheem ṣe jókòó gan-an nìyẹn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó lọ.

Kò sunkún. Ó gbé ọmọ náà fún aládùúgbò wọn, Limota, tó ń kọjá, ó ní kó fi ìborùn bò ó nímú. Ó mú ọkọ́. Ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó ti pinnu pé òun á wó ààrò náà láti ẹ̀yìn, kó tú palẹ̀, kí wọ́n máa mu gààrí tútù títí ikú yóò fi dé. Ìyá Àsàmáù jókòó sórí ẹní rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ihò náà.

"Ìyá, ẹ dìde."

Láti ọdún mọ́kànlá tó ti wà nínú ilé náà, kò bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Arúgbó náà wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀, ó gbọ́ ìró àyà ọmọ náà láti iwájú ilé.

"Má wó o," ló wí. "Ọwọ́ mi ni. Inú ọ̀fun ni mo fi í sí."

"Kí lẹ fi síbẹ̀, Ìyá?"

"Òkúta kẹta." Ó wọ́ ara rẹ̀ kúrò nídìí ihò náà. "Ìyá ọkọ mi sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo wọlé yìí pé òkúta ààrò ilé yìí kò gbọdọ̀ dín. Bó bá dín, èèyàn á dín. Ọ̀sẹ̀ tí Raheem kú, mo lọ wo ìdí ààrò, ọ̀kan ti sán. N kò sọ fún ẹnì kankan. Ìgbà tí ọkùnrin yẹn wá gbé e jù síta, mo ní Mọ́júbọ́lá ló jù síta yẹn. Mo ní kí n gbà á là."

Rùkáyàt kúnlẹ̀ sídìí ihò náà. Ó fi ẹnu ọkọ́ ha ìṣù amọ̀ náà kúrò. Èéfín dúdú tú sí i lójú. Ó ki ọwọ́ bọ inú ihò, ó sì kan òkúta náà, tó há bámúbámú mọ́ ìdí páìpù, tó ti gbóná bí irin alágbẹ̀dẹ. Kò wá aṣọ. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì í mú, ó fà á, ó tún fà á, ó gbọ́ bí awọ ara òun ṣe ń dún, òkúta náà sì bọ́. Ó ti amọ̀ padà sẹ́nu ihò kó tó jókòó sílẹ̀.

Òun àti arúgbó náà jọ gbójú sókè. Páìpù náà húkọ́ dúdú lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, èéfín funfun gùn jáde tààrà, bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìyá Àsàmáù fa etí ìró rẹ̀ ya, ó bu òróró sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ọwọ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀, láì gbé ojú sókè.

Nígbà tí Yínúsà dé, ilé ìdáná mọ́, ó lè rí ògiri. Ó béèrè ohun tó ṣe é. Arúgbó náà la ẹnu, ṣùgbọ́n Rùkáyàt ti ṣáájú rẹ̀: ó ní ẹyẹ ló kọ́lé sínú páìpù, ìkòkò ló sì jó òun lọ́wọ́. Yínúsà bú ẹyẹ náà dáadáa.

Àyà ọmọ náà kò dákẹ́ súfèé lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn tinrín ni, ọmọ náà mu ẹ̀kọ ìlàjì ife, ó sì lè fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ọyẹ́ ṣì kù, ó lé ní oṣù kan. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó ti yè.

Láàárọ̀ Jímọ̀ọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, Rùkáyàt gbọ́ tí ẹnì kan ń ha ìdí ààrò. Ìyá Àsàmáù ló ti ṣíwájú rẹ̀, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kó eérú sínú igbá. Nígbà tó kó o tán, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, ó ṣí ìṣù amọ̀ nídìí páìpù, ó gbọn ọ̀fun ààrò náà jáde. Kò dí i padà. Ó dúró tì í, eérú bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, ó sì ké sínú ilé.

"Ìyàwó mi," ló wí, "wá fojú ara rẹ wò ó."