Ihò Abẹ́rẹ́ Lára Aṣọ Sílíìkì

Obìnrin tó ń ta aṣọ àtijọ́, tí àwọn oníbàárà ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí bó ṣe rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, yí inú aṣọ náà síta lórí tábìlì. Ojú rẹ̀ le.

Aṣọ àlẹ́ sílíìkì dúdú ni, ó gùn dé ilẹ̀. Aránṣọ ńlá kan ló fọwọ́ rán an fún Ìmọ́lẹ̀-Agbo, obìnrin tí gbogbo ayé kà sí olówó, tí àwòrán rẹ̀ kì í wọ́n nínú ìwé ìròyìn ayé ìgbà náà. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, níbi tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ pamọ́ sí, fẹ́ rà á. Bí Abẹ́rẹ́ bá sì ta ayédèrú fún wọn, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ parí nìyẹn: ẹyin lorúkọ rere, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́.

Ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà ni kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nínú gbogbo àwòrán, Ìmọ́lẹ̀-Agbo tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ tò lọ, ó tò bọ̀, bí ẹni pé wọ́n ń tú aṣọ náà, tí wọ́n tún ń rán an kó fún, láìmọye ìgbà. Kí ni ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń tú aṣọ sí?

Ó yíjú sí ọkùnrin tó gbé e wá, ayàwòrán-ilé tó ti fẹ̀yìn tì, tó ní àbúrò Ìmọ́lẹ̀-Agbo ló bí òun.

“Ẹ̀gbọ́n, ta ló wọ aṣọ yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Mo ti sọ fún yín.”

“Àwọn nìkan?”

“Ẹ tún gbé tiyín dé! Ṣé ènìyàn méjì lè wọ aṣọ kan lẹ́ẹ̀kan náà ni?”

“Mi ò sọ pé lẹ́ẹ̀kan náà.”

Ọkùnrin náà fi áńkáṣíìfù nu iwájú orí tí kò làágùn. Abẹ́rẹ́ rí i. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

“Màmá yín ńkọ́? Wọ́n sanra, àbí wọn ò sanra?”

“Wọ́n rí rìbìtì,” ni ó sọ nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ló bá tú àṣírí náà kalẹ̀. Ọrọ̀ bàbá wọn ti tán kí wọ́n tó sin ín. Aṣọ yìí nìkan ló kù tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè wọ̀ jáde. Bí òde bá kan ẹ̀gbọ́n, wọ́n á rán an kó fún mọ́ ọn lára. Bó bá kan àbúrò, wọ́n á tú u. Kí ayé má baà béèrè ìdí tí wọn kì í fi í jọ jáde, wọ́n dá ìjà sílẹ̀ lójú ayé.

Abẹ́rẹ́ lanu. Ìjà yẹn! Ìyá tirẹ̀ pàápàá sọ ọ́ títí: ìjà ọmọ ìyá méjì tí ikú nìkan ló là.

“Wọn ò jà rárá?”

“Ẹnu ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà wọlé. Yàrá kan náà ni wọ́n ń sùn.”

Aṣọ náà kì í ṣe ayédèrú. Abẹ́rẹ́ mí kanlẹ̀.

“Màá bá yín tà á. Ṣùgbọ́n ilé ìṣẹ̀ǹbáyé á béèrè nípa ihò wọ̀nyí, mi ò sì ní purọ́.”

“Ẹ ní kòkòrò ló jẹ ẹ́.”

“Kòkòrò tó ń lo rúlà?”

Ọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó fa aṣọ náà mọ́ra, ó ká a. “Mi ò tà mọ́. Ta lẹ máa sọ fún?”

“Èmi? Kò sẹ́ni kankan.”

Ó wò ó títí, bí ẹni tó ti sọ púpọ̀ jù, ó sì jáde.

Kò pẹ́ tí fóònù fi dún: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń pè. Ní òdì kejì títì, ọkùnrin náà dúró, aṣọ lábíyá, ó ń wo Abẹ́rẹ́ gba inú dígí fèrèsé. Abẹ́rẹ́ ká ọwọ́ gbera, ó jẹ́ kí fóònù náà dún títí tó fi dákẹ́.