Omi Inú Ilé Bíríkìlà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìlara ṣe rí, ì bá ti wo ojú Bíríkìlà lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ ògiri rẹ̀. Òun ló fi sìmẹ́ńtì mọ bèbè odò ìgboro látòkè délẹ̀, tó ń dán gbinrin. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni omi ń fò ó, tó ń kó ọ̀rá àti ìdọ̀tí wọlé onílé. Ni kánsù bá ní kí wọ́n wó apá tó kọjú sí ilé rẹ̀, kí wọ́n sọ bèbè ibẹ̀ di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí wọ́n gbin èèsún àti koríko odò, kí ilẹ̀ lè máa mu omi, kí gbòǹgbò sì máa sẹ́ ìdọ̀tí. Ta ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún? Àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tó ń tọ́jú òdòdó.

"Koríko!" ni Bíríkìlà ń wí kiri àdúgbò. "Ohun tí ewúrẹ́ ń jẹ ló fẹ́ dá omi dúró?"

Owú ò jẹ́ kó sùn. Bí ìyá wọn bá ti ní, "Ẹ wo iṣẹ́ ọmọ mi, ẹyẹ ti ń bà síbẹ̀," àyà rẹ̀ á máa ta á bíi pé wọ́n fi ata sí i. Ẹnjiníà kánsù wá sọ pé bí omi bá tún wọ ilé kan ṣoṣo, sìmẹ́ńtì làwọn máa padà sí, Bíríkìlà ló sì máa ṣe é. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbàdúrà kí omi ya wọ ilé òun alára.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bíríkìlà gbé bẹ́ẹ̀dì lé búlọ́ọ̀kù, ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí àlejò. Omi gun bèbè, ó wọ inú èèsún, ó dúró síbẹ̀. Òjò dá. Yàrá gbẹ fúrúfúrú.

Inú bí i débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó bá gbé garawa, ó ń bu omi nínú dúrọ́ọ̀mù, ó ń dà á sílẹ̀ yàrá.

Àbúrò ló kọ́kọ́ sáré dé. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí láburú?" Ó rí omi, ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Omi náà mọ́ gaara, kò ní ẹrẹ̀, kò rùn. Ó wo dúrọ́ọ̀mù, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ilẹ̀.

Ẹnjiníà, tó ń yẹ ilé wò lẹ́yìn òjò, wọlé. "Háà! Omi wọ ibí ni?"

"Ó wọlé, sà," ni àbúrò wí, kò gbójú sókè. "Àṣìṣe mi ni. Mi ò gbin ọ̀gangan ibí dáadáa."

Ohun tí Bíríkìlà ń tọrọ ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ijó ló yẹ kó jó. Ṣùgbọ́n ó wo àbúrò rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Iṣẹ́, eléyìí gbà á. Ìyìn ìyá, ó gbà á. Ṣé ìwà rere náà á tún wá jẹ́ tirẹ̀ ni? Owú gùn ún.

"Irọ́ ló ń pa!" ló pariwo. "Èmi ni mo da omi yẹn! Koríko rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ̀kán kan wọlé!"

Ó já àkísà gbà, ó kúnlẹ̀, ó ń nu ilẹ̀ kíkankíkan, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé àbúrò òun mọ ilẹ̀ nù ju òun lọ.