Igbe Kẹta Tí Àlímì Kì í Ké

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú orin tí ẹgbẹ́ Ẹnu Ọ̀sà ń kọ, ẹ ṣáà ronú sí gìtá méjì tó ń jà, ìlù tó ń là wọ́n, àti ẹnì kan tó ń figbe ta láàárín wọn bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pè é. Rùkáyàt tó ń ta gìtá máa ń sọ pé ó ní orúkọ mìíràn tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, pósíìtì-hádìkọ́ọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará àdúgbò ní Ìgbògbò ti fún un ní orúkọ tiwọn: wàhálà.

Ṣọ́ọ̀bù Tàjùdéèn, onílù wọn, ni wọ́n ti ń ṣe ìdánrawò. Jórinjórin ni Tàjùdéèn, kò sì sí ẹni tó lè wá fi ẹjọ́ ariwo sùn ní ṣọ́ọ̀bù tí irin ti ń dún látàárọ̀. Bí irin bá dákẹ́ tí gìtá bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ aládùúgbò kì í tètè mọ̀ pé iṣẹ́ ọjọ́ náà ti parí.

Òun ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, pẹ̀lú Mujeeb, Oyèdèjì àti Àlímì. Nínú àwọn mẹ́rin yẹn, òun nìkan ló kù. Kò sí ìjà, kò sí ọ̀tẹ̀; ayé ló ń pe kálukú. Mujeeb onígìtá ríṣẹ́ sí Àbújá. Oyèdèjì, tó ń ta gìtá olóhùn ńlá tí wọ́n ń pè ní béèsì, padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ mójú tó oko bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kàn dìde fùú nínú wọn tó lọ. Tàjùdéèn mú òfin kan wá láti ìdí iṣẹ́ irin, níbi tí ọ̀gá kì í ti í fi ìwé kọ́ ọmọṣẹ́: ẹni tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ jókòó ti ẹni tó ń bọ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tàbí ẹnu ara rẹ̀ fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Lọ́jọ́ tí ẹni tuntun bá mọ̀ ọ́n tán, ẹni tó ń lọ á ṣí ìgò mọ́ọ̀tì kan, á mu díẹ̀, á sì gbé e fún ẹni tó ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni Tàjùdéèn máa tó sọ pé, "O ti lọ. Máa lọ ire."

Mujeeb fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ Rùkáyàt, kò sì jẹ́ kó sinmi. Oyèdèjì kọ́ Ìdrís títí ìka ọmọ náà fi bó. Wọ́n mu mọ́ọ̀tì, wọ́n lọ, ọkàn Tàjùdéèn sì balẹ̀ lórí wọn.

Àlímì nìkan ni kò mu mọ́ọ̀tì.

Ọmọ apẹja láti Ẹ̀pẹ́ ni Àlímì, òun sì ni olóhùn ẹgbẹ́ náà. Nínú orin wọn tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù, "Àwọ̀n Bàbá Mi", ó máa ń ké igbe gígùn kan tó ń gòkè, tó tún ń já wálẹ̀ lójijì. Ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń ké e, ara àwọn tó ń gbọ́ á sì bù máṣọ. Lẹ́yìn igbe kejì, ó ní kí ìlù dúró ní ìwọ̀n igbe kan kó tó wọlé padà. Tàjùdéèn kò bi í léèrè ìdí rẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe ń lù ú nìyẹn.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àìsàn dá bàbá Àlímì dùbúlẹ̀. Àlímì wọ mọ́tò ní ibùdókọ̀ Benson ní Ìkòròdú ní ọjọ́ Ẹtì kan, ó ní, "Bọ̀dá Tàjù, tó bá di ọ̀la, mo ti dé." Ọ̀la yẹn kò tíì dé títí dòní. Bàbá kú, ọkọ̀ ojú omi wà ńlẹ̀, àbúrò mẹ́rin wà ńlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni akọrin ṣe di apẹja. Tàjùdéèn lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, kò sì lè dárúkọ ẹgbẹ́ níwájú ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, bó bá ti pè é lórí fóònù, èsì kan náà ni: "Mò ń bọ̀, Bọ̀dá Tàjù."

Mò ń bọ̀ yìí ni Tàjùdéèn gbójú lé. Ní oṣù àkọ́kọ́, nígbà tó rò pé Àlímì á wá dágbére bó ṣe yẹ, ó ra mọ́ọ̀tì rẹ̀ sílẹ̀, ó fi í sínú àpò ìlù. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà kí ìgò náà má ṣí láéláé. Lójú tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí Àlímì kò bá tíì fa iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, Àlímì kò tíì lọ. Nínú bọ́ọ̀sì wọn, ìjókòó iwájú tó jẹ́ ti Àlímì wà lófo, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fìdí kàn án.

Ẹgbẹ́ kò sì lè máa wà láìlóhùn. Lẹ́yìn ọdún kan, Rùkáyàt mú Tiwalọlá wá, akẹ́kọ̀ọ́ kékeré kan tó máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gba fóònù Ìdrís, ó fetí sí àwọn orin tí Àlímì ti gbà sílẹ̀, ó sì lanu. Àwọn adìẹ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kò padà wálé títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n fóònù ló kọ́ ọ, nítorí náà Tàjùdéèn kò pe orúkọ rẹ̀ rí. Adelé ló ń pè é. "Adelé, gba máìkì." "Adelé, o tún pẹ́." Ọdún méjì gbáko ni Tiwalọlá fi ń dáhùn pé, "Ẹ má bínú, sà."

Lọ́dún yìí ni àwọn ọ̀dọ́ kan ní Ẹ̀pẹ́ wá pè wọ́n pé kí wọ́n wá ṣeré fún àwọn ní etí ọ̀sà ní ọjọ́ Sátidé kan. Wọn ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Tàjùdéèn fi gbà. Ó pe Àlímì, Àlímì ní òun á wá bí omi bá gbà fún òun. Tàjùdéèn fọ bọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀mejì, ó fi aṣọ tútù nu ìjókòó iwájú.

"Kì í ṣe eré la fẹ́ lọ ṣe yìí," Rùkáyàt sọ bí wọ́n ṣe kọjá Ìtòkín lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. "Ìyàwó tó kó lọ sílé bàbá rẹ̀ la fẹ́ lọ bẹ̀."

Ìdrís bú sẹ́rìn-ín. Tàjùdéèn tó ń wa bọ́ọ̀sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Tiwalọlá há sáàárín ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn pátápátá, ó ń wo ìjókòó tó ṣófo níwájú.

Èrò ti kún etí ọ̀sà nígbà tí wọ́n kírun àsárì tán. Àwọn ọ̀dọ́ ń jó níwájú. Àwọn àgbà wà lábẹ́ igi, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo àwọn ọmọ tó ń da ara wọn láàmú. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja kò tilẹ̀ gbójú sókè. Orin mẹ́ta lọ dáadáa. Tàjùdéèn ń lùlù, ó ń fojú wá Àlímì, kò rí i.

"Àwọ̀n Bàbá Mi" ló kàn. Tiwalọlá ké igbe àkọ́kọ́, àwọn ẹlẹ́ja gbójú sókè. Ó ké èkejì, bàbá arúgbó kan dìde lábẹ́ igi, ó gbọ́wọ́ sétí. Ìlù dúró bó ṣe máa ń dúró. Dípò kí Tiwalọlá náà dákẹ́, ó fa èémí sínú, ó ké ẹ̀kẹta, ó sì gùn ju méjì àkọ́kọ́ lọ.

Gbogbo èbúté dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin ń da abọ́ ẹja nù, ọkùnrin ń bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀, wọ́n ń gbé okùn, wọ́n ń sáré. Tàjùdéèn rò pé orin ló wọ̀ wọ́n lára tó bẹ́ẹ̀. Fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ dùn bí kò ṣe dùn rí láti ọjọ́ tó ti ń lùlù, ó sì tún fi agbára kún un. Rùkáyàt ló fi ẹsẹ̀ ta ìlù náà.

"Bọ̀dá Tàjù, ẹ dúró. Inú omi ni wọ́n ń lọ."

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ márùn-ún ti ń dún. Bàbá arúgbó náà dé iwájú wọn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bàdírù ni orúkọ rẹ̀, òun ni olórí àwọn apẹja èbúté yẹn.

"Ta ló bọ́ sómi?" ó bi wọ́n. "Apá ibo ló wà?"

"Kò sẹ́ni tó bọ́ sómi, Bàbá," Tàjùdéèn dáhùn. "Orin ni."

Bàbá Bàdírù wò ó títí. Ó wá ṣàlàyé fún un, kò sì pariwo. Ní èbúté tiwọn, láti ayé àwọn baba wọn, igbe yẹn ni apẹja fi ń bá ilé sọ̀rọ̀ láti ojú omi. Bó bá ké e lẹ́ẹ̀kan, ẹnìkejì rẹ̀ ló ń pè. Bó bá ké e lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń bọ̀ láyọ̀. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta, èèyàn wà nínú omi, kí ẹni tó bá lọ́wọ́ méjì máa bọ̀.

Tàjùdéèn dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ìdrís tẹ̀ lé e. Rùkáyàt kúnlẹ̀ tòun ti gìtá lọ́rùn. Tiwalọlá ti ń sunkún.

"Ta ló kọ́ ọ?" Bàbá Bàdírù bi í.

"Fóònù ni, sà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi ẹ̀kẹta kún un. Mo rí i pé àyè wà. Mo fẹ́ kí Bọ̀dá Tàjù mọ̀ pé mo lè ṣe é."

"Fóònù á kọ́ ọ ní èyí tó wà níbẹ̀," ni bàbá náà sọ. "Kò lè kọ́ ọ ní èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà gún Tàjùdéèn lára. Òfin tirẹ̀ ni bàbá yìí fi bá a wí, òun fúnra rẹ̀ ló sì rú u. Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà. Ọdún méjì ni ọmọ náà ti ń kọrin, kò sì gbé e wá lọ́jọ́ kan ṣoṣo kí Àlímì kọ́ ọ, nítorí ó ń bẹ̀rù pé bí Àlímì bá kọ́ ọ tán, ó parí nìyẹn. Ojú tì í gan-an.

Àwọn ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Àlímì wà nínú èyí tó ṣáájú, omi ti rin ín dé àyà. Ó bọ́ sílẹ̀, ó sì wá dọ̀bálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Tàjùdéèn níwájú Bàbá Bàdírù.

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá," ó ní. "Ẹ̀yìn èrò ni mo wà, mo sì mọ̀ pé orin wa ni. Nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀kẹta, ẹsẹ̀ mi ò dúró bi mí léèrè kó tó sáré. Èmi ló yẹ kí n ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti fà á lé e lọ́wọ́, mo ti lọ nìyẹn, mi ò sì fẹ́ lọ."

"Èmi náà ò fẹ́ kí o lọ," Tàjùdéèn sọ. Níwájú gbogbo èrò ló ti sọ ọ́, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin méjèèjì ò fẹ́," Bàbá Bàdírù sọ, "ọmọ ọlọ́mọ ló wá ń jẹ̀yà rẹ̀. Ẹ dìde. Àlímì, kọ́ ọ báyìí, kí n gbọ́."

Àwọn apẹja ti ń rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní ó kéré tán, àwọn ti wá mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ẹnìkejì wọn Àbúdù, tó ń sọ láti ọjọ́ yìí pé ẹ́ńjìnnì òun ti kú, ń sá ju ti gbogbo àwọn lọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le.

Àlímì mú Tiwalọlá jókòó sí etí ọkọ̀. Ó fi ibi tí èémí ti ń wá hàn án nínú ikùn, ó ké, ọmọ náà ké tẹ̀ lé e. Ó wá sọ èyí tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ní Ìgbògbò.

"Bí bàbá mi bá ti ké e lẹ́ẹ̀mejì, mọ́mì mi á dúró. Á máa fetí sí ẹ̀kẹta. Bí ò bá dún, á gbé ìkòkò kaná. Ìdákẹ́ yẹn lo máa kọ, Tiwalọlá. Òun ló ṣòro jù níbẹ̀."

Wọ́n tún orin náà ṣe kí oòrùn tó wọ̀. Tiwalọlá ké ẹ̀ẹ̀kan, ó ké èkejì, ó sì pa ẹnu dé. Tàjùdéèn na ọ̀pá ìlù sókè, ó fetí sílẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ló ti ń dúró níbẹ̀, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Gbogbo èbúté dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá àgbà kan láàárín àwọn ẹlẹ́ja mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó ń bọ̀." Ìgbà yẹn ni Tàjùdéèn tó sọ ọ̀pá kalẹ̀ lórí ìlù, ariwo tó sọ lẹ́yìn ìyẹn kò kéré.

Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́, ó yọ ìgò mọ́ọ̀tì kúrò nínú àpò ìlù. Rùkáyàt gbà á, ó yẹ ọjọ́ tó wà lára ìdérí rẹ̀ wò.

"Bọ̀dá Tàjù, èyí ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn."

Àlímì ṣí i bẹ́ẹ̀ náà. Ó mu díẹ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀, ó sì gbé e fún Tiwalọlá. Tiwalọlá mu tirẹ̀ láìṣẹ́jú.

"O ti lọ," Tàjùdéèn sọ fún Àlímì. "Máa lọ ire."

Àlímì rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ̀ ń lọ, Bọ̀dá Tàjù. Èmi ti délé."

Tàjùdéèn dì mọ́ ọn, ó pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ sídìí bọ́ọ̀sì, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ìdrís àti Rùkáyàt ti wọlé. Ọmọ kékeré náà ti ń wá ibi tó máa há sí láàárín ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Tiwalọlá," ó pè é.

Ọmọ náà kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè.

"Bọ́ síwájú."