Àwọn Tí Ìdẹ Mú

"Màmá, ẹ̀ẹ̀kẹta rèé!" Ẹ̀ṣọ́ gbé ìwé kan síwájú ìyá àgbàlagbà tó ń tọ́jú fáìlì. "Ṣebí a ti jọ sọ ọ́, pé bí ẹ ò bá mọ ẹni tó kọ lẹ́tà sí yín lórí kọ̀ǹpútà, ẹ má tẹ nǹkan kan níbẹ̀?"

Ìyá Fáìlì ń nu awò ojú rẹ̀.

Kì í ṣe gbájúẹ̀ ló kọ lẹ́tà ọ̀hún. Ẹ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba yìí ni kó máa ṣọ́ kọ̀ǹpútà kí olè má bàa gbabẹ̀ wọlé, ni wọ́n bá kúkú sọ ọ́ ní Ẹ̀ṣọ́. Lóṣooṣù, á fi lẹ́tà ẹ̀tàn dẹ àwọn òṣìṣẹ́ wò. Ẹni tó bá kó sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀. Ti oṣù yìí sọ pé: "Ọmọ yín tó wà lókè òkun kọ̀wé sí yín. Ẹ tẹ ibí."

"Mo fura pé irọ́ ni," ni Ìyá Fáìlì wí. "Ọdún mẹ́rin rèé tí mo ti gbúròó ọmọ yẹn kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bó bá wá jẹ́ òótọ́ ńkọ́, tí mi ò ṣí i? Bí wọ́n bá sì gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi, ibo ni lẹ́tà ẹ̀ máa gbà wọlé? Àdírẹ́sì ibí yìí nìkan ló mọ̀."

Àánú ṣe Ẹ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ká má purọ́, ọkàn rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Báǹkì ló wà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni báǹkì ńlá kan ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Iṣẹ́ kan náà ni, owó oṣù ibẹ̀ sì tó ìlọ́po mẹ́ta tibí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó má kúrò: "Ìjọba kì í lé èèyàn, owó ìfẹ̀yìntì sì ń bẹ níwájú." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń wù ú kó jókòó láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí jù ú lọ, kí wọ́n máa bá a jiyàn, kó máa kọ́ nǹkan tuntun. Ó wù ú débi pé bó bá ń jẹun, tẹlifóònù á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo.

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Lẹ́tà ti wọlé: "Ẹ kú oríire. Ẹ tẹ ibí kí ẹ rí ìwé ìgbanisíṣẹ́ yín."

Kò mọ ìgbà tó tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà pọ́n kankan. "Ìdánwò ìkẹyìn nìyí. Ẹ ò wo ẹni tó kọ lẹ́tà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ó dùn wá pé a ò ní lè gbà yín."

Ó wo àdírẹ́sì náà. Wọ́n ṣi orúkọ báǹkì kọ, gbangba gbàǹgbà. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé, ọmọ mi?" Ìyá Fáìlì ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Báǹkì ni, mà. Wọ́n dẹ mí wò, mo sì kó sí i."

"O ò tiẹ̀ fura?"

"Mi ò fura rárá, mà."

Ìyá Fáìlì ò rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ó wù ọ́ gan-an nìyẹn."

"Ó wù mí, mà. Ó ṣì ń wù mí."

Nígbà tó ṣe, Ẹ̀ṣọ́ nu ojú, ó fa ìwé tó fẹ́ mú lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá àgbà mọ́ra. Orúkọ àwọn mẹ́ta tó ti kó sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Lókè gbogbo wọn, ó kọ tirẹ̀.

"Ó yá, mà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ," ó ní. "Bí wọ́n bá fẹ́ gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ yín, tèmi ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbà."