Bàálù Tí Ọta Ò Pa

Kíkẹ́lọmọ kì í ṣe ẹni tó ń tètè bínú, àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ géèmù kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wọn ní Odode, bí wọ́n bá da omi tútù lé e lórí, omi náà ì bá hó.

Ọkọ rẹ̀, Ọláfẹ́mi, ló ni ẹ̀rọ náà. Ó ti tà á fún ẹnì kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Ofosu. Kí ọkọ̀ tó máa gbé e tó dé, Kíkẹ́lọmọ fẹ́ ṣe ohun tí kò tíì ṣe rí: kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ la ìpele tó gbẹ̀yìn já.

Ẹni tí kò mọ géèmù ọ̀hún á ní ìbọn yínyìn lásán ni. Irọ́ ni. Bàálù kékeré kan ló wà nísàlẹ̀ tí ìbọn rẹ̀ ń dá yìn láìjẹ́ pé èèyàn tẹ nǹkan kan, ọta ọ̀tá á sì máa tú jáde lókè bí ìgbà tí èèyàn da ìrẹsì nù láti inú atẹ. Wọ́n á lọ́, wọ́n á ká, wọ́n á kún ojú gíláàsì bámúbámú. Síbẹ̀ ẹni tó ṣe é fi ọ̀nà tóóró sílẹ̀ láàárín wọn, ọ̀nà yẹn ni ẹni tó gbọ́n ń wò, kì í wo ọta. Èyí tó bá kan ààmì funfun tó wà láàárín bàálù nìkan ló ń pani. Ẹwà rẹ̀ máa ń mú Kíkẹ́lọmọ gbàgbé ebi. Bí ọta bá bà á, á ní, "Mo ti kú," á rẹ́rìn-ín, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Ọláfẹ́mi ò fẹ́ gbọ́. Aládùúrà pọ́ńbélé ni, ó sì ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó yé fi ẹnu ara rẹ̀ pe ikú.

Lọ́jọ́ náà, àwọn alágbàṣe kòkó láti Aládé yí i ká. Ó wọ ìpele tó gbẹ̀yìn, ó ń yẹ ọta bí ẹni ń jó. Àfi bí ọta pupa kan ṣe gba àárín ààmì funfun kọjá, tí bàálù ò sì bú.

Òun nìkan ló rí i. Ó mú ọwọ́ kúrò lára ọ̀pá tó fi ń darí bàálù, ó káwọ́ sáyà. Ọta ń rọ́ lu bàálù, bàálù ò mira, ó ń yìnbọn tirẹ̀ lọ títí ó fi pa ọ̀gá àwọn ọ̀tá. Àtẹ́wọ́ tí wọ́n ń pa dákẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Dádì Faith, kí lẹ ṣe sí ẹ̀rọ yìí?" ó bi ọkọ rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn àwọn alágbàṣe.

Ọláfẹ́mi ní òun ló yí ètò inú rẹ̀ kí bàálù má lè kú mọ́, pé òun ò lè máa gbọ́ ikú lẹ́nu ìyá ọmọ òun, pé ìfẹ́ ni. Irú ìfẹ́ wo ló ń jí nǹkan ẹni?

Kíkẹ́lọmọ ní kó dá a padà sí bó ṣe wà. Ọkọ rẹ̀ dá a padà. Kíkẹ́lọmọ tún bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ìbínú ò da nǹkan fúnni: ọ̀nà ò hàn sí i mọ́, ọta nìkan ló ń rí. Ìpele kejì ni wọ́n ti pa á. Awakọ̀ fun fèrè níta, wọ́n sì wọlé wá gbé ẹ̀rọ.

Ọláfẹ́mi ní kó má bínú, ṣebí gbogbo èèyàn rí i pé ó borí.

"Gbogbo ikú tí mo kú nínú ẹ̀rọ yẹn, kò sí èyí tó dùn mí," Kíkẹ́lọmọ ní. "Èyí tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ mi ló dùn mí."

Ọláfẹ́mi lanu láti bá a wí pé ó tún pe ikú. Àmọ́ ó yíjú, ó lọ bá wọn gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀.